Ìdí tí oòrùn tó ń wọ̀ fi ń di ẹrẹ̀ lórí bébà wa: àlàyé lórí wọ́tà kọ́lọ̀ fún ará Àkúrẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gbé bébà àti búrọ́ọ̀ṣì jáde nírọ̀lẹ́ ní Àkúrẹ́ ló ń sọ ohun kan náà. Ojú ọ̀run pọ́n, ó dára débi pé ènìyàn ò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n po àwọ̀ ọsàn, wọ́n po búlúù, wọ́n fi kun bébà kíákíá kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí wọ́n délé tí wọ́n tan iná, ọ̀run ti pòórá lórí bébà. Ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀: àwọ̀ eérú tó rí ṣàkàṣàkà, igi dúdú méjì mẹ́ta, àti yẹ́lò kan tó dá dúró tí kò bá ohunkóhun mu. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n á ní àwọn ò lẹ́bùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kọ́. Ohun tó ń ba àwọn àwòrán yìí jẹ́ ní okùnfà, a sì lè ṣàlàyé rẹ̀ kó yé ẹnikẹ́ni. Omi wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ibi tí Àkúrẹ́ wà lórí ilẹ̀ ayé náà wà nínú rẹ̀. Ohun kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: nínú wọ́tà kọ́lọ̀, ìpinnu tí ẹ ṣe kí ojú ọ̀run tó pọ́n ló ń gbé àwòrán dúró. Ìyára ọwọ́ lẹ́yìn tó ti pọ́n tán kò lè gbà á là. Ọ̀pọ̀ fídíò tí à ń wò lórí YouTube kì í sọ èyí fún wa, nítorí pé níbi tí àwọn olùkọ́ náà ti ń yàwòrán, oòrùn kì í wọ̀ bó ṣe ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun tó wà nínú túùbù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa lò nílé ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní wọ́tà kọ́lọ̀, pósítà kọ́lọ̀ ni. Omi la fi ń po méjèèjì, omi la sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra lójú ẹni tí kò tíì lò wọ́n pọ̀. Àmọ́ pósítà kọ́lọ̀ máa ń bo ojú bébà mọ́lẹ̀. Ẹ lè fi funfun lé dúdú lórí, kó sì hàn. Wọ́tà kọ́lọ̀ gidi kì í bo nǹkan kan. Ìyẹ̀fun àwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù arábíìkì, ìyẹn oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ, ní Sudan àti lápá àríwá Nàìjíríà níbí, ní Borno àti Yobe. Bí a bá fi omi tú u tí a sì fi kun bébà, ìmọ́lẹ̀ á gba inú ọ̀dà náà kọjá, á kan bébà funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀, á sì padà jáde wá bá ojú wa. Bébà ló ń tàn. Ọ̀dà kàn ń fún ìmọ́lẹ̀ náà ní àwọ̀ ni.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀dà funfun sára àdìrẹ. Funfun tó wà níbẹ̀, aṣọ náà fúnra rẹ̀ ni, níbi tí wọ́n ti fi okùn dì í tàbí tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ kùn ún kí aró má baà débẹ̀. Kí aṣọ tó wọ inú ìkòkò aró ni aláró ti mọ ibi tí yóò ṣẹ́ kù sí funfun. Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ṣe rí nínú wọ́tà kọ́lọ̀. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú àwòrán yín, bébà tí búrọ́ọ̀ṣì kò kàn ni. Tí ẹ bá ti kùn ún, ó lọ nìyẹn. Kò sí funfun inú túùbù tó lè dá a padà bó ṣe wà.

Látinú èyí ni ìtò iṣẹ́ ti wá: èyí tó mọ́lẹ̀ ṣáájú, èyí tó ṣókùnkùn gbẹ̀yìn. Ó sì tún ní ohun kejì nínú tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í rò. Oòrùn fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ abẹ́ igi kòkó lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bébà funfun wá ńkọ́? Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ọ̀dà tó dúdú jù lọ ní ìlọ́po tó kọjá ogún tàbí ọgbọ̀n. Ìdíje tí ẹ ò lè borí nìyẹn, nítorí náà ẹ má bá oòrùn díje. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni ohun tó yí bébà funfun náà ká. Bí ọ̀run tó yí i ká bá ní àwọ̀ díẹ̀, tí òkè tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn tó, bébà lásán á máa dán bí ẹni tan iná sí i lẹ́yìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bó ti wù kí yẹ́lò yín wọ́n lówó tó, kò ní tàn.

Kí ló tiẹ̀ dé tí ọ̀run fi ń pọ́n? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní gbogbo àwọ̀ nínú. Bó bá ń la afẹ́fẹ́ kọjá, àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín tó para pọ̀ di afẹ́fẹ́ máa ń fọ́n búlúù ká ju pupa lọ, ní ìlọ́po tó lé díẹ̀ ní mẹ́rin. Lord Rayleigh, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1871. Lọ́sàn-án, oòrùn wà lókè orí, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kò pọ̀, búlúù tó ń fọ́n ká sì ni à ń rí lójú ọ̀run. Nígbà tí oòrùn bá dé etí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa là kó tó kàn wá á tó nǹkan bí ìlọ́po 38 ti ìgbà tó wà ní gàńgàn orí. Búlúù á ti fọ́n tán lọ́nà. Ó ti lọ di ojú ọ̀run ọ̀sán fún àwọn tó wà ní ìwọ̀ oòrùn wa lọ́hùn-ún. Yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn àti pupa ló ṣẹ́ kù fún wa.

Ìkùukùu tó wà lókè réré ṣì ń rí oòrùn lẹ́yìn tí tiwa ti wọ̀, ìdí nìyẹn tí ikùn rẹ̀ fi máa ń pọ́n nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú lẹ́sẹ̀ wa. Ìyẹn ni pé ọ̀run tó mọ́ láìní ìkùukùu kankan kì í sábà pọ́n tó bí ẹ ṣe ń retí. Fún ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ tó gbóná, ìparí òjò, oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ni mo fẹ́ràn jù. Òjò ti fọ eruku kúrò lójú afẹ́fẹ́, ìkùukùu gíga sì ṣì wà lókè.

Ọyẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Eruku rẹ̀ ń ti inú aṣálẹ̀ Sàhárà wá, pàápàá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ó sì tóbi ju ohun tó para pọ̀ di afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Kì í yan búlúù láàyò; gbogbo àwọ̀ ló ń fọ́n ká bákan náà. Nítorí náà ọ̀run á funfun bíi wàrà, oòrùn á di àwo róbótó kan tí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tẹjú mọ́, á sì pòórá sínú eruku kó tó kan ilẹ̀ rárá. Ẹni tó bá jókòó sí ìta ní oṣù kìíní tó ń po pupa rokoso, ohun tí kò sí níta ló ń yà, fídíò tó wò lálẹ́ àná ló ń yà. Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ wọ́tà kọ́lọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Òkè tó jìnnà á fẹ́lẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e á nípọn díẹ̀, èyí tó sún mọ́ wa á dúdú. Àwọ̀ kan péré tí ẹ fi omi tú ní ìpele mẹ́ta lè parí àwòrán Ìdànrè nínú ọyẹ́, kò sì ní sí ẹrẹ̀ kankan níbẹ̀.

Àkókò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni fídíò àwọn ará òkèèrè ti ń ṣì wá lọ́nà jù. Àkúrẹ́ kò ju nǹkan bíi digíríì 7 lọ sí ìlà agbedeméjì ayé. Nírú ibi báyìí, oòrùn kì í rọra yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kó tó wọ̀, òòró ló ń já sílẹ̀. Láti ìgbà tí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ títí tí yóò fi wọlé tán, ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́ kù tí a ṣì lè fi ṣiṣẹ́ láìtan iná kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ. Ní London, ìmọ́lẹ̀ yìí kan náà ń tó ìṣẹ́jú 33 ní oṣù kẹta, ó sì ń kọjá 45 ní oṣù kẹfà. Olùkọ́ tó bá sọ fún yín pé kí ẹ kun ọ̀run, kí ẹ dúró kó gbẹ, kí ẹ tún un kùn, kí ẹ tún dúró, kò parọ́. Ó kàn ní ìlọ́po méjì àkókò tí ẹ̀yin ní ni.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo ìgbà tí oòrùn máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Fóònù ń sọ ọ́ níbi tó ti ń sọ ojú ọjọ́. Àwọn kan rò pé aago kan náà ló ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa yípo ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, oòrùn Àkúrẹ́ ń wọ̀ ní nǹkan bíi 6:20 ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù keje, ó di nǹkan bíi 7:00. Ẹni tó bá fi ti oṣù keje jáde ní oṣù kọkànlá á dé ibẹ̀ bá òkùnkùn. Ẹ fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó rẹwà jù fún àpáta àti òrùlé máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 kí oòrùn wọ̀, kì í sì í dúró de ẹni tó ṣì ń tú túùbù.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹrẹ̀. Yẹ́lò àti pupa ló para pọ̀ di àwọ̀ ọsàn. Bí búlúù bá wọ inú rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé nìyẹn, oníkálukú wọn á sì gba ìpín tirẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ara bébà, títí tí kò fi ní ku nǹkan kan bí kò ṣe eérú. Wíwọ̀ oòrùn sì ni àwòrán tó ń fi ọsàn àti búlúù ṣe aládùúgbò ní gbogbo ìgbà. Yẹ́lò àti búlúù nìkan bá pàdé ńkọ́? Àwọ̀ ewé. Ọ̀run gidi náà ní ibì kan láàárín yẹ́lò àti búlúù tó fẹ́ jọ ewé, àmọ́ ó rọra débi pé ojú kì í kà á sí. Lórí bébà, gbogbo ẹni tó bá wò ó ló máa rí i.

Píńkì ni onílàjà. Ẹ fi í sí àárín. Bó bá kan ọsàn, á di pupa rẹ́súrẹ́sú tó gbóná. Bó bá kan búlúù, á di àlùkò. Méjèèjì ló ń wà ní ọ̀run ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò ní jẹ́ kí ọsàn àti búlúù fojú kan ara wọn nígbà tí omi ṣì wà lójú bébà. Ẹ tún yan búlúù tó sún mọ́ àlùkò, irú èyí tí wọ́n kọ PB29 sí lára túùbù. PB15 sún mọ́ ewé, ó sì lágbára; díẹ̀ rẹ̀ lè sọ gbogbo ọ̀run di koríko. Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké yìí, tó ń sọ irú ìyẹ̀fun àwọ̀ tó wà nínú túùbù gan-an, ṣe pàtàkì ju orúkọ gàdàgbà tí ilé iṣẹ́ kọ síwájú túùbù lọ, torí ilé iṣẹ́ méjì lè fi orúkọ kan náà pe ohun méjì tó yàtọ̀. Kí agolo omi yín jẹ́ méjì, ọ̀kan fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún omi tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹrẹ̀ tí mo ti rí, inú agolo omi ló ti wá.

N kò fẹ́ kí ẹ wá máa sá fún eérú pátápátá o. Eérú tí a fi ọsàn àti búlúù pò lórí àwo, pẹ̀lú ìmọ̀, ló dára jù fún ikùn ìkùukùu àti òjìji àpáta. Èyí tó ń bani nínú jẹ́ ni èyí tó ṣẹ̀dá ara rẹ̀ lórí bébà láìsí ẹni tó pè é.

Omi ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹ bá ti kun ọ̀run, ojú bébà á máa dán. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń dán gan-an, ẹ lè fi àwọ̀ mìíràn kún un, á sì rọra tàn wọnú ara wọn. Bó bá ti gbẹ pátápátá, ẹ lè lé òmíràn lé e lórí, kó sì ní etí tó dájú. Àárín méjèèjì ni ewu wà, ìgbà tí dídán bá ń lọ tí bébà sì ṣì tutù lọ́wọ́. Ẹni tó bá kan omi sí i nígbà yẹn, omi tuntun náà á ti ọ̀dà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ààlà wúruwùru á sì yọ sí àárín ọ̀run. Kò sí àtúnṣe. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ojú ọjọ́ ló ń pinnu bí àárín yẹn ṣe máa gùn tó. Ní oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ kún fún omi, ọ̀run tí ẹ kùn lè wà ní tútù títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ dín omi kù, ẹ sì gbà pé òkè àti igi lè di iṣẹ́ ilé. Nínú ọyẹ́, ọ̀dà ń gbẹ kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé òdìkejì. Ẹ fi omi tútù pa bébà ní iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì ńlá. Ní gbogbo ìgbà, kí bébà kéré. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì tó fún ìrọ̀lẹ́ kan. Bébà fọ́tókọ́pì kò dára fún iṣẹ́ yìí, gíráàmù 80 ni ìwúwo rẹ̀ lórí mítà onígun mẹ́rin kan, á ká jọ bí omi bá ti kàn án. Ẹ wá èyí tó tó 300, tí ó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi òwú ṣe. Bí owó kò bá tó nǹkan, ẹ fi owó búrọ́ọ̀ṣì ra bébà. Ohun kan sì tún wà: wọ́tà kọ́lọ̀ máa ń ṣí bó bá gbẹ. Àwọ̀ tó tẹ́ yín lọ́rùn nígbà tó tutù á ti fẹ́lẹ́ lójú yín láàárọ̀, nítorí náà ẹ pò ó kó ki díẹ̀ ju ohun tí ẹ rí lọ.

Nípa ibi tí ẹ máa jókòó sí, ìmọ̀ràn mi lè yà yín lẹ́nu: ẹ kẹ́yìn sí oòrùn. Gbogbo ènìyàn ló ń dojú kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló le jù, ibẹ̀ ló ń yí padà kíákíá jù, ojú á sì máa dùn yín. Ìdànrè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ. Àwọn òkè rẹ̀, àpáta lásán gbalasa ni, omi òjò sì ti fa ìlà dúdú gbọọrọ sí wọn lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́sàn-án, eérú ni wọ́n. Nígbà tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, ojú tí wọ́n kọ sí ìwọ̀ oòrùn á di ọsàn tó ní píńkì nínú, ojú kejì tó wà lójìji á sì di búlúù tó fẹ́ jẹ́ àlùkò, torí pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀run nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ìkan gbóná, ìkan tutù, àpáta kan náà. Ẹ kun gbogbo òkè náà ní ọsàn fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá gbé òjìji búlúù lé e. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ti gbẹ, ọsàn àti búlúù ò ní di ẹrẹ̀.

Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gun òkè náà lọ yàwòrán nírọ̀lẹ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, òkùnkùn á sì ká yín mọ́ ọ̀nà bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ní Òdòde Ìdànrè, a ti ń rí òkè dáadáa. Ẹni tí kò bá sì lè dé Ìdànrè, òrùlé wà ní Àkúrẹ́. Páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà ní àdúgbò Ọjà Ọba àti Ààfin Déjì, bí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ bá kàn án, kò sí ohun tó dùn ún yà tó o. Ẹ kí onílé kí ẹ tó jókòó síwájú ilé rẹ̀: «Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya òrùlé tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni.» Wọ́n á fún yín ní àga. Àwọn ọmọdé á yí yín ká. Ẹ fún wọn ní bébà kan.

Bí ẹ bá dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì mọ́, ẹ wo ìlà oòrùn. Ẹ máa rí ọ̀já búlúù tó rí bí eérú tó ń ga sókè láti etí ilẹ̀, píńkì rírọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Òjìji ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ nìyẹn, tó hàn sára afẹ́fẹ́. Àwọ̀ méjì péré ló ń gbà láti yà á, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì wò ó rí nítorí pé ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n kọjú sí.

Ojú wa náà máa ń tàn wá ní àkókò yìí. Àkọ́kọ́, ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn, ó ń pa ojú lára, ó sì tún ń fi àmì aláwọ̀ ewé sílẹ̀ nínú ojú tí ẹ máa wá rí lórí bébà bí ẹni pé ibẹ̀ ló wà. Bí ìmọ́lẹ̀ ọsàn bá ń tàn sórí bébà, bébà funfun á di ọsàn, yẹ́lò tí ẹ kùn ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ ó máa fi kún un, títí tí ẹ fi máa délé rí i pé ó ti le koko. Ẹ jókòó kí òjìji ara yín bo bébà. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, òdìkejì á ṣẹlẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù, ojú ènìyàn máa ń rí pupa bíi dúdú, búlúù á sì máa mọ́lẹ̀ sí i. Jan Purkyně, onímọ̀ ará Czech, ló ṣàkíyèsí èyí ní ọ̀rúndún 19. Ẹni tó bá ń po pupa ní 7:10, bó ti wù kó gbọ́n tó, kò lè mọ ohun tó ń pò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dé ibẹ̀, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Fóònù ńkọ́? Ẹ fi ya fọ́tò, àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ jù. Bó bá fẹ́ kí ọ̀run hàn dáadáa, á sọ ilẹ̀ di dúdú biribiri, nígbà tí ojú yín rí ewé, rí ọ̀nà pupa, rí aṣọ lórí okùn níbẹ̀. Àwòrán tí a bá fi fọ́tò bẹ́ẹ̀ yà máa ń ní ilẹ̀ tó kú. Pẹ́ńsù ló sàn: ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà pé «òjìji òkè búlúù, kò dúdú», «píńkì dúró sórí igi ọ̀pẹ». Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin bẹ́ẹ̀ wúlò ju fọ́tò ogún lọ.

Báwo wá ni ìrọ̀lẹ́ kan ṣe máa lọ fún ẹni tó ṣì fẹ́ kọjú sí oòrùn? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Yẹ́lò, píńkì àti búlúù, ẹ ti pò wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n pọ̀ ju ohun tí ẹ rò pé ẹ nílò lọ. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà òkè àti ibi tí oòrùn máa wà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ẹ fi omi pa ọ̀run, àyàfi ojú oòrùn. Yẹ́lò yí i ká, píńkì tẹ̀ lé e, búlúù bẹ̀rẹ̀ láti òkè bọ̀ wálẹ̀ kó sì dúró nígbà tó bá kan píńkì. Ẹ gbé bébà dagun díẹ̀ kí omi ṣe ìyókù. Ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan mọ́ bí ọ̀run tòótọ́ bá tún wá yí padà tó rẹwà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dájú pé ó máa yí padà. Èyí tí ẹ ti yàn lẹ máa yà. Nígbà tí ó bá ń gbẹ, ẹ kọ àkíyèsí yín. Òkè tó jìnnà, ẹ kùn ún bó bá ti gbẹ. Igi tó sún mọ́ wa kò ní kánjú, ó lè di ọjọ́ kejì.

Fún igi náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo dúdú inú túùbù. PB29 àti àwọ̀ ilẹ̀ pupa, tí a pò kó ki, ń fún wa ní dúdú tó ṣì ní ẹ̀mí. Níbi tí ẹ̀ka igi bá ti gba iwájú oòrùn kọjá, ẹ sọ ọ́ di ọsàn tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dúdú bíi ti ẹ̀gbẹ́, torí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó báyẹn máa ń jẹ etí ohun tó bá dí i lọ́nà. Ohun kékeré yìí ló ń jẹ́ kí oòrùn tí ẹ kò kùn rárá dà bí èyí tó ń ran ojú.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí píńkì yẹn, níwọ̀n bó ti jẹ́ òun ló gbé gbogbo ọ̀run dúró. Kì í ṣe gbogbo píńkì àti pupa ló ń pẹ́. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ PR83 máa ń ṣá bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án lójoojúmọ́, bó bá sì ti ṣá, yẹ́lò àti búlúù nìkan ló máa kù lórí ògiri yín. PV19 ń pẹ́ dáadáa. Bí nọ́ńbà kò bá sí lára túùbù tí ẹ rà, ẹ kun bébà pẹlẹbẹ kan, ẹ fi káàdì bo ìdajì rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ ṣí káàdì náà kí ẹ fi ìdajì méjèèjì wé ara wọn. Bí wọn ò bá jọra mọ́, ẹ má fi ọ̀dà yẹn ya ọ̀run.